Oyin Orí Wàláà àti Ìbéèrè Ọmọdé

Ẹ̀sìn tí àwọn ọmọdé kò bá gbà lọ́wọ́ àgbà, ìran kan péré ni ó kù fún un láyé. Tẹ́ńpìlì lè wó, ìwé lè jóná, àlùfáà lè kú. Bí ọmọ bá ti gba ohun tí bàbá rẹ̀ fà lé e lọ́wọ́, ilé kò tí ì dahoro. Nígbàkigbà tí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn Júù ni ọkàn mi máa ń lọ. Àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ńpìlì wọn ní Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rúndún lẹ́yìn náà, ilẹ̀ onílẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Síbẹ̀, ohun tí àwọn baba ńlá wọn kà ni àwọn ọmọ wọn ń kà. Irú ọgbọ́n wo ni wọ́n dá sí i?

Lákọ̀ọ́kọ́, wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Talmud, ìwé ńlá tí wọ́n kó àlàyé òfin àti àríyànjiyàn àwọn olùkọ́ wọn jọ sí, sọ nípa olórí àlùfáà kan, Jóṣúà ọmọ Gamla, tí ó gbé ayé nígbà tí ó kù díẹ̀ kí Tẹ́ńpìlì wó. Òun ni ó ṣètò pé kí olùkọ́ ọmọdé wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọmọ ọdún 6 tàbí 7. Ibẹ̀ náà ni a ti kà á pé ọmọ 25 ni ó tọ́ sí olùkọ́ kan. Bí wọ́n bá tó 40, kí a fún un ní olùrànlọ́wọ́. Bí wọ́n bá di 50, kí olùkọ́ di méjì. Ẹni tí ó bá ti dá dúró níwájú ọgọ́rin ọmọ rí nínú kíláàsì kan ṣoṣo yóò mọ ìwúlò ìṣirò yìí.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ oyin. Ní ilẹ̀ Jámánì àti ìhà àríwá Faransé, ní ọ̀rúndún kejìlá àti ìkẹtàlá, ọjọ́ Àjọ Ọ̀sẹ̀ ni ọmọ Júù kékeré ń kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, nítorí pé ọjọ́ náà ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí bí Ọlọ́run ṣe fún wọn ní Òfin lórí òkè Sínáì. Wọn yóò fi aṣọ bo ọmọ náà, wọn yóò gbé e lọ bá olùkọ́. Olùkọ́ yóò ka lẹ́tà èdè Hébérù tí ó wà lórí wàláà, ọmọ yóò wí i tẹ̀ lé e. Wọn yóò wá fi oyin sórí lẹ́tà náà, ọmọ yóò sì fi ahọ́n lá a. Wọ́n ń kọ ẹsẹ Ìwé Mímọ́ sára àkàrà olóyin àti sára ẹyin sísè, ọmọ yóò kà á, yóò sì jẹ ẹ́. Rábì Eleazar ará ìlú Worms wà lára àwọn tí ó kọ àlàyé àṣà yìí sílẹ̀. Àwa tí a ń fi oyin kan ahọ́n ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n oyin kì í pẹ́ tán lórí wàláà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gba irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá ní ìlà-oòrùn Yúróòpù nígbà tí ó yá ni ó kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé wọn pé pàṣán kò jìnnà sí ọwọ́ olùkọ́.

Ní Amẹ́ríkà, Rebecca Gratz dá ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sunday sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Júù ní Philadelphia ní 1838. Ọ̀dọ̀ àwọn Kristẹni ni ó ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Àwọn obìnrin ni olùkọ́ ibẹ̀, tọkùnrin tobìnrin sì ni wọ́n ń kọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Isaac Leeser tẹ kátíkísímù kan jáde fún àwọn ọmọdé Júù. Mo mọ kátíkísímù dáadáa, nítorí pé òun ni a fi tọ́ èmi náà ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Olùkọ́ ni ó ni ìbéèrè, ìwé ni ó ni ìdáhùn. Ẹnu lásán ni wọ́n yá lọ́wọ́ mi.

Samson Benderly, tí a bí ní Safed ní ilẹ̀ Palẹ́sítínì, rí àléébù irú ẹ̀kọ́ àkọ́sórí bẹ́ẹ̀. Dókítà ni, ó sì pa iṣẹ́ ìṣègùn tì nítorí ẹ̀kọ́ ọmọdé. Ní 1910 ni ó di olórí ọ́fíìsì tí ń mójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Júù ní New York. Ó mú orin wọ inú kíláàsì, ó mú àwòrán tí a ń fi iná tàn sára ògiri wọ ibẹ̀. Èdè Hébérù ni ó sì fẹ́ kí a máa fi kọ́ èdè Hébérù. Ní 1927, ó kó àwọn ọmọ lọ sí àgọ́ ìsinmi. Ní 1947, àwọn mìíràn ṣí àgọ́ Ramah àkọ́kọ́ ní Wisconsin, níbi tí àdúrà, eré àti ìlúwẹ̀ẹ́ ti jọ ń rìn pọ̀.

Gbogbo èyí dára. Síbẹ̀, lójú tèmi, èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn ni ó tún jinlẹ̀ jù. Ní òru Àjọ Ìrékọjá, àgbà kò gbọdọ̀ dédé bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí Ọlọ́run ṣe kó wọn jáde ní Íjíbítì. Ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ béèrè ìdí tí òru náà fi yàtọ̀. Bí kò bá sí ọmọ, ìyàwó ni yóò béèrè. Bí ènìyàn bá dá nìkan wà, kí ó bi ara rẹ̀. Àní, bí ọ̀mọ̀wé méjì tí ó mọ gbogbo òfin àjọ náà bá jókòó, kí wọ́n bi ara wọn. A gbọ́ pé Rábì Akiva a máa pín ọkà yíyan àti ẹ̀pà inú igi fún àwọn ọmọdé kí oorun má bàa gbé wọn, kí wọ́n lè béèrè. Wọ́n tún ń fi ẹ̀là àkàrà aláìwú kan pamọ́ tí ọmọ yóò wá rí, àgbà kò sì lè parí oúnjẹ láìjẹ́ pé ó gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdẹ ni oyin. Ṣùgbọ́n ní òru yìí, ọmọ ni kọ́kọ́rọ́.

Láìpẹ́ yìí, ìjọ kan yàn mí mọ́ ìgbìmọ̀ tí yóò tún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé rẹ̀ ṣe. Wọ́n dábàá bisikíìtì, wọ́n dábàá fíìmù. N kò lòdì sí i. Ohun tí mo béèrè ni pé ìgbà wo ni ọmọ kan bi wá ní ìbéèrè tí a kò mọ ìdáhùn rẹ̀ gbẹ̀yìn. Bàbá kan dáhùn pé ọmọ tí ó bá ń wádìí Ọlọ́run yóò di kèfèrí. Ẹ̀rù yìí gan-an ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀. Ọmọ mẹ́rin ni ìwé àjọ àwọn Júù kà: ọlọ́gbọ́n, ìkà, òpè, àti èyí tí kò mọ bí a ti ń béèrè. Wọ́n fún ìkà ní èsì tí ó le, ṣùgbọ́n orí tábìlì náà ni ó wà. Ní ti èyí tí kò lè béèrè, bàbá ni yóò ṣí ọ̀rọ̀ náà fún un.

Ọmọ-ọmọ mi kan, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13, ti sọ fún mi pé òun kò lọ sí kíláàsì náà mọ́. Ọmọ Júù tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lè dúró ka Òfin níwájú ìjọ. Kò bá Ọlọ́run jà. Ó ní kò sí ẹni tí ó bi òun ní ohun tí òun ń rò rí.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àbá tí mo fi síwájú ìgbìmọ̀ náà kò ná wa ní kọ́bọ̀: kí olùkọ́ má ṣí ìwé títí ọmọ kan yóò fi béèrè nǹkan. Wọn kò tí ì fọwọ́ sí i. Ní tèmi, mo ti ní kí ọmọ-ọmọ mi máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, kí ó sì máa mú ìbéèrè tirẹ̀ bọ̀.