Owó Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Ìlọrin níbí. Ẹyẹ ẹ̀gà ń jẹ ìrẹsì bàbá mi lóko. Wọ́n gba ìwé àṣẹ, nítorí òfin ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn. Wọ́n sì ra ọ̀kan. Nígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, a gbé e tọ fọkanáísà lọ. Ó wo géèjì rẹ̀, ó sún sẹ́yìn: "Àlájì, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Táyà ọkọ̀ ń gba nǹkan bí 32. Èyí ń fẹ́ 2,900!"

Ó di pé kí a ra ẹ̀rọ tiwa. Mo ní kí a wo ohun mẹ́ta: kí agbára rẹ̀ tó ti ìbọn, kí ó lè lo bátìrì ọkọ̀, nítorí iná mànàmáná tí kò dúró, kí ó sì lè sẹ́ omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, kí inú ìbọn má baà dípẹtà.

"Owó ìrẹsì ni kí n fi ra afẹ́fẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tí kò tó agbára lè bẹ́."

Wọ́n rà á. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tàn án, bí géèjì ti ń gòkè, bàbá mi tí ń ṣírò owó fà mí sẹ́yìn ara wọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.