Àlàfo Láàrin Ọmọ Méjì

Ìlú amọ̀kòkò ni Ìpetumodù ní Àríwá Ifẹ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ̀ pé ìkòkò tí kò gbẹ tán kò ṣeé fi sínú iná; fífọ́ ni yóò fọ́. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá Yorùbá fi sí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Láyé àtijọ́, abiyamọ kì í súnmọ́ ọkọ rẹ̀ títí yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, èyí tí ó máa ń tó ọdún 2 sí 3. Wọ́n gbàgbọ́ pé bí ìyá bá lóyún nígbà tí ọmọ ṣì ń mu ọmú, omi ọmú rẹ̀ a bàjẹ́, ọmọ a sì rù.

Iṣẹ́ oṣù, ilé-ẹ̀kọ́ àti ìgbé-ayé ọkọ kan aya kan ti wó odi yìí, ṣùgbọ́n ohun tí odi náà ń dá dúró kò lọ. Abiyamọ a máa wí pé nǹkan oṣù òun kò tíì padà, nítorí náà kò séwu. Èyí ni ó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ẹyin obìnrin a máa jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú nǹkan oṣù. Ó lè lóyún, nígbà náà, kí ó tó rí ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ rárá.

Lóòótọ́ ni ọmú ń dáàbò bo ìyá, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn mẹ́ta: kí ọmọ má tíì pé oṣù 6, kí ó máa mu ọmú nìkan tọ̀sán tòru, kí nǹkan oṣù má sì tíì dé. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ààbò yẹ̀. Omi àti àgbo tí ìyá àgbà ń rọ ọmọ ti ba èkejì jẹ́.

Ní ọdún 1980, nígbà tí Ìpetumodù àti Ìbàdàn ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà, àwọn oníṣègùn UCH ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní àwọn abúlé Akínyẹlé. Wọ́n kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ bí wọn yóò ti máa fún àwọn aládùúgbò wọn ní oògùn oníhóró àti rọ́bà ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sì gbani nímọ̀ràn pé kí ó tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin tó tún lóyún. Ọdún 2 àwọn baba ńlá náà ni.

Kí abiyamọ má ṣe dúró de nǹkan oṣù kí ó tó bi agbẹ̀bí léèrè. Ó sì yẹ kí ọkọ bá a lọ, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń pa èèwọ̀ àtijọ́ mọ́.