Àlejò Tí Ẹ̀rọ Kò Pè

Nínú Linux, tí Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Finland gbé jáde ní ọdún 1991, driver ni à ń pe àwọn ìránṣẹ́ tí ń darí ẹ̀yà ẹ̀rọ. Bí a bá tan kọ̀ǹpútà, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan a jẹ́ orúkọ rẹ̀, Linux a sì jí ìránṣẹ́ tí ó tọ́ sí i. Ètò rere ni, nítorí ta ni yóò máa fi ọwọ́ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń bẹ tí wọ́n máa ń jẹ́ ìpè ẹlòmíràn. Káàdì SyncLink, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n, ni a ṣe n_hdlc fún. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ráyè wọ kọ̀ǹpútà, ì báà má ní àṣẹ kankan, lè pè é, yóò sì wọlé wẹ́rẹ́, bí káàdì náà kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Àbùkù kan wọ inú rẹ̀ ní ọdún 2009. Ó di ọdún 2017 kí Alexander Popov tó rí i pé ọ̀jáfáfá lè ti ibẹ̀ gba àṣẹ ọ̀gá pátápátá. Wọ́n tún un ṣe. Ní ọdún 2019 wọ́n fi ìlẹ̀kùn kan kún Linux, èyí tí olùtọ́jú lè tì mọ́ irú wọn. Ṣùgbọ́n ní ṣíṣí ni wọ́n fi í sílẹ̀.