Ojú àti Ọwọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Òwe yìí ni mo fi ń tu ara mi nínú ní ọjọ́ tí mo ka owó tí mo ti ń tọ́jú láti nǹkan bí ọdún kan, tí mo sì rí i pé ohun kan ṣoṣo ni ó lè rà nínú méjì tí ọkàn mi ń fẹ́. Èkíní ni ojú tuntun fún kámẹ́rà mi, èyí tí àwọn oníṣẹ́ àwòrán ń pè ní lẹ́ǹsì. Èkejì ni sọ́fítíwíà, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe lẹ́yìn tí a bá ti yà á tán.

Àwòrán yíyà kọ́ ni mo fi ń jẹun. Àṣà àwọn ènìyàn wa ni mo ń kọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń fẹ́ kí òǹkàwé rí ojú àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn. Ajégúnlẹ̀ ni mo ti ń ya púpọ̀ nínú wọn. Orúkọ ìlú náà ń wí pé ajé ti gúnlẹ̀, àwọn tí ó sì wá ajé wá sí ẹ̀gbẹ́ èbúté Àpápá ni ó kún ibẹ̀: Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ, Ùròbò, Ìgbò àti Haúsá. Ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ pọ̀ níbẹ̀, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan la àárín yàrá kọjá. Oòrùn lè máa ràn ganrínganrín ní oríta Boundary, kí ó sì dà bí ẹni pé ilẹ̀ ti ṣú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú irú ilé yìí ni mo ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan. Iná mànàmáná ti lọ. Nígbà tí ìyá àgbà ilé náà fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì tẹ kámẹ́rà. Nígbà tí mo délé tí mo wò ó, ojú màmá ti di ìkùukùu. Mo ní n óò padà lọ yà wọ́n dáadáa. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi papòdà. Ọmọ wọn wá béèrè àwòrán ẹ̀rín yẹn lọ́wọ́ mi, n kò sì rí ohun gidi kan fún un.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ ń gbé àdúgbò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, sọ́fítíwíà ni kí ẹ rà. Kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè tún ṣe mọ́.”

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Bí mo bá fi lẹ́ǹsì tí ó bá kámẹ́rà mi wá fa ènìyàn sún mọ́ tòsí, ojú rẹ̀ kì í ṣí kọjá 5.6. Èyí tí mo fẹ́ rà, tí í ṣe 50mm, ń ṣí dé 1.8. Kí òǹkà yìí má tan ẹnikẹ́ni jẹ: bí ó bá ṣe kéré tó ni ojú ń tóbi tó. Ìmọ́lẹ̀ tí ń gba ojú 1.8 wọlé tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ń gba ojú 5.6 wọlé láàárín àkókò kan náà. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, kámẹ́rà yóò lajú pẹ́, ẹni tí a ń yà yóò sì ti mira kí ó tó dijú. Ohun tí ó sọ ẹ̀rín màmá di ìkùukùu nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó náà ń bẹ níbẹ̀. Photoshop, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láàárín irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀, jáde ní 1990. Láti 2013 ni àwọn tí ó ni ín ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di ohun tí a ń san owó lé lórí lóòrèkóòrè. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kí ó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, ohun gbogbo tí a ń fi owó dọ́là rà ni ó gbówó lórí. Lẹ́ǹsì pẹ̀lú wọ́n sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni a ń rà á. Ìyàtọ̀ ẹni tí ó kọ́lé àti ẹni tí ó háyà ilé ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni ó parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fojú ẹlẹ́tàn wo àwọn tí ń tún àwòrán ṣe, láì rántí pé kò sí ayàwòrán àtijọ́ kan tí kò fi ọwọ́ kún ti ojú. J. D. ’Okhai Ojeikere, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya onírúurú irun dídì àwọn obìnrin wa ní 1968, tí gbogbo ayé sì mọ̀ kí ó tó kú ní 2014, ti ṣiṣẹ́ rí gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò, ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn ní 1954.

Àwa Yorùbá tilẹ̀ ní àwòrán kan tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ni ó bí i. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ère ni àwọn baba wa ń gbẹ́ fún un, tí ìyá ń wẹ̀, tí ó ń wọ̀ láṣọ. Nígbà tí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ àti ti Mùsùlùmí gbilẹ̀, àwọn ìyá kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ fotógíráfà. Yóò ya èyí tí ó kù láyé, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, ìbejì yóò sì tún pé. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí nípa rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún, tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní 1978. Èmi kò nílò ìwé kí n tó mọ̀ ọ́n. Táíwò ni mí. Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n mi, kò dàgbà tó ọdún mẹ́ta tí ó fi padà lẹ́yìn ìyá wa. Àwòrán kan wà lára ògiri ìyá mi ní Ajégúnlẹ̀, ọmọ méjì jókòó nínú rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ kan náà. Èmi ni àwọn méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá mi ti fi ń se ẹ̀wà ìbejì, tí wọ́n sì ń bu díẹ̀ síwájú àwòrán náà. N kò lè pe ohun tí ó tu ìyá nínú tó bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tàn. Nítorí náà ni mo ṣe gba ọ̀dọ̀ wọn lọ nígbà tí n kò mọ èyí tí n óò rà. Mo tọ́ka sí ọmọ tí ó wà lápá ọ̀tún, mo ní, “Màmá, ṣé bí Kẹ́hìndé ti rí nìyí?”

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Táyé, ojú tìrẹ nìyẹn. Kẹ́hìndé ní àpá kékeré kan lókè ojú òsì. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti lọ tán, ó ku èmi nìkan.”

Níbẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn mi. Ọwọ́ fotógíráfà yẹn mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ tí ó lè tún ohun tí ojú kò rí ṣe. Ẹnikẹ́ni kò ya Kẹ́hìndé nígbà tí ó wà láyé. Ẹ̀rín ìyá àgbà yẹn náà ti lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rí àwòrán tí ó mọ́ yà lónìí lè wá ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́la. Ẹni tí kò rí i yà, kí ni yóò gbé fún aláàtúnṣe?

Mo ra lẹ́ǹsì náà. Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ fi yà, nínú yàrá wọn, láì tan iná, láì ní kí wọ́n dìde lọ sí ẹnu ọ̀nà. Àwòrán ìbejì náà wà lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn hàn kedere, títí dé ìlà inú àtẹ́lẹwọ́. Igun kan ṣókùnkùn díẹ̀ lápá òsì. GIMP, ètò ọ̀fẹ́ tí ó ti wà láti 1996, ni mo fi tan ìmọ́lẹ̀ sí i. N kò fi ọwọ́ kan ibòmíràn.