Kì í ṣe gbogbo rọpárọsẹ̀ ni ọfà ayé

Ọ̀rọ̀ ara ni ti òní, ẹ má bínú.

Àwọn bàbá wa ní Ifira yìí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ oko, tàwọn ti ẹrù iṣu lórí ni wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Lónìí, ọ̀kadà ló ń gbé wa dé ẹnu oko, òun náà ló ń gbé wa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kò jìnnà sílé. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù á jókòó látàárọ̀ dalẹ́, tó bá délé, ó di ìdí tẹlifíṣọ̀n. (Àga àwa pásítọ̀ ló tiẹ̀ rọ̀ jù.)

Bí rọpárọsẹ̀ bá wá dá ẹnì kan wó, ohun tá a kọ́kọ́ ń gbọ́ ni pé ọfà ayé ni. A gbà pé ọ̀tá wà, a sì ń gbàdúrà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́: ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fa púpọ̀ nínú ẹ̀, kì í sì í pariwo kó tó ṣọṣẹ́. Tí ara bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Tá a bá jókòó pa, ṣúgà yẹn á máa pọ̀ sí i, iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa le. Ibẹ̀ ni ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń wọlé.

Lọ́dún 1953, dókítà kan tó ń jẹ́ Jeremy Morris gbé ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Dírẹ́bà ń jókòó, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alájà méjì lọ sókè sódò. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà o, síbẹ̀ àìsàn ọkàn pọ̀ lára àwọn dírẹ́bà ju ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Ta ló ta wọ́n lọ́fà?

Àwọn kan á ní Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì pé èrè eré ìdárayá kéré. Pọ́ọ̀lù yẹn kan náà ló jẹ́ kí àwọn yòókù wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ásósì, tóun fẹsẹ̀ rìn!

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 lò ara rẹ̀ lọ́sẹ̀, bí ìṣẹ́jú 30 fún ọjọ́ 5. Oko ríro wà nínú ẹ̀, ijó ìyìn náà wà nínú ẹ̀, àmọ́ ti ọjọ́ Sunday nìkan ò tó o.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà nítòsí, ẹ fẹsẹ̀ rìn wá sí Bible study lọ́jọ́ Tuesday. Ẹ̀yin bàbá àti màmá tí orúnkún ń dùn, ẹ wọ ọ̀kadà yín. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 40, kó lọ wọn BP ní health centre. Ẹni tí wọ́n bá fún lóògùn, kó má torí ìrìn tàbí ààwẹ̀ dá a dúró. Ẹni tí àyà ń dùn tó bá ń rìn, kó kọ́kọ́ rí dókítà.