Ìpele Méje

Ní Àfọ̀n, ẹnikẹ́ni tó bá ti ń kọ́ni ní yunifásítì, ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é. Mo máa ń jẹ́ ẹ, nítorí wọ́n ń fi bu ọlá fún mi ni, ṣùgbọ́n oyè náà ṣì jìnnà. Ìpele méje ni iṣẹ́ wa ní. Ó sábà máa ń gba ọdún mẹ́ta kí ènìyàn tó kúrò ní ọ̀kan bọ́ sí èkejì, bí ọ̀nà bá là. Ìpele kejì ni mo wà.

Ìdènà àkọ́kọ́ ni oyè ọ̀mọ̀wé, nítorí ẹni tí kò bá ní in kò lè gòkè jìnnà. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń ṣe ìwádìí náà ni yóò kọ́ kíláàsì ọlọ́pọ̀ èrò, òun náà ni yóò máàkì ìwé ìdánwò wọn. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti ọdún 2020 gba oṣù mẹ́sàn-án. Ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ, ìjọba àpapọ̀ sì dá owó oṣù dúró. Mo gbà pé ẹgbẹ́ wa ní ìdí tó fi jà. Síbẹ̀, àpilẹ̀kọ tó wà lórí tábìlì alábòójútó kò mọ ẹni tó jàre.

Ìdènà kejì ni ìtẹ̀jáde. Jọ́nà òkè òkun ni ìgbìmọ̀ ìgbéga ń kà sí jù, dọ́là sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, owó oṣù ọ̀dọ́ olùkọ́ kò ká a mọ́. Àwọn kan a wá sá tọ jọ́nà ayédèrú, èyí tí ń gbowó tí kì í ka iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ agbègbè wa kan. Ìmẹ̀kọ, tí òun àti Àfọ̀n jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Aṣíwájú ní 1939. Àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní 1889 ti pín ilẹ̀ wa: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ààlà tí gbogbo wa ń rí yìí ni ó sọ di ìbéèrè. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1971. Ní 1976, ìwádìí náà di ìwé nínú ọ̀wọ́ ìwé ìtàn ti Ìbàdàn, èyí tí Kenneth Dike ti kọ́kọ́ jẹ́ olóòtú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọ̀wọ́ ìwé náà. Ọgbọ́n orí nìkan kọ́ ló gbé iṣẹ́ náà jáde. Àwọn àgbà ti la ọ̀nà sílẹ̀ nílé kí àwọn ọ̀dọ́ tó dé. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lónìí, ọgbọ́n ọmọdé pọ̀. Ọ̀nà tí àgbà ń là ló ṣọ̀wọ́n. Àgbà tí yóò ka iṣẹ́ ọ̀dọ́ kí ó tó jáde, àti jọ́nà ilé tí ìgbìmọ̀ ìgbéga yóò bọ̀wọ̀ fún, yóò ṣe wá láǹfààní ju ìmọ̀ràn pé kí a ní sùúrù.

Ẹ̀yin olùkọ́ girama, iṣẹ́ yìí kàn yín náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá béèrè ìdí tí ìbátan rẹ̀ ní Kétu fi ń sọ Faransé, ẹ má pè é ní aláròyé. Ẹ ní kí ó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀.