Ìkìlọ̀ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mi ò kì í mu sìgá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹnu kan vape rí, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo sì wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé torí ọ̀fun ara mi ni mo ṣe ń jà. Bébà kan tí mo tẹ̀ jáde, tí mo fi rọ́bà bò, tí mo sì lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Fọlá Àgòrò ló bí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé bí èèyàn bá ti Akoka bọ̀, tó gba Fọlá Àgòrò wọ Ṣómólú, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló máa ń kí i káàbọ̀. Ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, páálí oògùn, kò sí ohun tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò ọdún kẹta, mo lọ ń bá wọn to iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kí n lè rí owó díẹ̀ fi wọ ọdún tó gbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mò ń kọ́, wọ́n sọ mí ní Prof. Iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá ti ní àmì ohùn lórí, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀.

Bọ̀dá tó ń wa Kord, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó wà lẹ́yìn, ni mo sún mọ́ jù. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó sì ti mu sìgá fún ọdún 18 kí n tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pá mẹ́jọ, mẹ́sàn-án lójúmọ́. Ọwọ́ àbókí tó wà lódìkejì gọ́tà ló ti ń rà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. (Òfin Ìdarí Tábà ti ọdún 2015 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú páálí ta, ọ̀pá 20 ló sì gbọdọ̀ wà nínú páálí, ó kéré tán. Ẹ wá wo iwájú ṣọ́ọ̀bù wa.) Nígbà tí ikọ́ fée mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó gbìyànjú láti jáwọ́. Ó jẹ orógbó, ó jẹ tọ́mù-tọ́mù, ó gbààwẹ̀, pàbó ló já sí. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló fi vape kan ránṣẹ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, kò ra sìgá mọ́.

Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lára ògiri lẹ́yìn Kord, ọ̀kan nínú àwọn tó bàjẹ́ tí àwọ̀ wọn kò bá ara mu, tí ojú pásítọ̀ di mẹ́rin. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ kó tó fọ ọwọ́, bọ̀dá á fi àtàǹpàkò tí yíǹkì wà lára rẹ̀ tẹ ọjọ́ yẹn. Bí mo ṣe dé ibẹ̀, oṣù márùn-ún ti dúdú. Mo wà níbẹ̀ títí ó fi di méje.

Ìyá kan tó wá gba káàdì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló tú u ká. Ó yọjú wo ẹ̀yìn, ó rí ohun funfun tó ń rú, ó sì gbóòórùn máńgòrò. "Ẹ̀yin ni ẹ ń tẹ káàdì ọmọ mi, tí ẹ tún ń fa igbó sí i lára?" Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó lọ tán, Dádì yíjú sí mi: "Prof, kọ ìkìlọ̀ kan fún mi. Yorùbá ni kó o fi kọ ọ́, kó lè yé tọmọdé tàgbà."

Mo jókòó. Kí ni à ń pe vape ní Yorùbá? Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi mọ irú ayọ̀ burúkú tí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń fún wa. Omi, à ń mu ún. Ọtí, à ń mu ún. Sìgá náà, mímu ni. Igbó, àwọn ọmọ àdúgbò ní fífà ni. Áṣáà nìkan ló bọ́ sọ́wọ́ "fín". Vape wá ń kọ́? Nǹkan olómi kan ni bátìrì ń mú gbóná títí yóò fi di oru bí èyí tó ń jáde lẹ́nu kẹ́tù. Iná kò jó ewé kankan. Èéfín kọ́ ni, kò sì sí tábà tó ń jó níbẹ̀. Mo mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n oníbàárà mẹ́ta ń dúró dè mí, mo sì kọ ohun tó yá jù: A KÒ GBỌDỌ̀ MU SÌGÁ TÀBÍ SÌGÁ ONÍBÁTÌRÌ NÍBÍ. ẸNI TÓ BÁ FẸ́ MU Ú, KÓ BỌ́ SÍTA. Àmì ohùn pé, kò sí àṣìṣe kankan. Inú mi tilẹ̀ dùn sí "oníbátìrì" yẹn.

Ìta tí mo kọ yẹn, ibo ni? Ṣọ́ọ̀bù wa kò ní ẹ̀yìnkùlé. Òdìkejì gọ́tà ni, lábẹ́ agboòrùn àbókí, níbi tí àwọn tó ń gé ìwé àtàwọn ọlọ́kadà ti ń mu sìgá. Ibẹ̀ ni mo rán ọkùnrin tó ń sá fún sìgá lọ, ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́. Ó mú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́ra. Ní ọjọ́ kan tí vape rẹ̀ kò ní iná, tí NEPA kò mú iná wá, ẹnì kan na ọ̀pá kan sí i. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Kò fi ìka kan kàlẹ́ńdà mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àgbàlagbà ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ibi tí yóò máa dúró sí.

Èdè wa máa ń fi orúkọ ohun àtijọ́ pe ohun tuntun, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Orí omi ni ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀ kó tó di ti orí ilẹ̀ àti ti òfurufú. Síbẹ̀, mi ò tíì rí dírẹ́bà dánfó tí wọ́n ní kó gbé àjẹ̀ dání. Orúkọ lè pa nǹkan méjì pọ̀. Òfin tó bá tìtorí orúkọ pa wọ́n pọ̀ ló máa ń ṣìnà.

Èyí kì í ṣe ti Ṣómólú nìkan. Láti ọdún 2014 ni ìlú New York ti fi vape sínú òfin tó lé sìgá kúrò níbi iṣẹ́. Àwọn ará Íńgíláǹdì kò ṣe bẹ́ẹ̀: òfin wọn ti ọdún 2007 de sìgá níbi iṣẹ́, kò kan vape. Ní ọdún 2016, Public Health England, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera wọn nígbà náà, gba àwọn ilé iṣẹ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ka méjèèjì sí ọ̀kan náà, kí wọ́n má sì fi dandan mú ẹni tó ń fa vape láti dúró síbi tí àwọn amusìgá wà, torí ó lè dá a padà sí ìdí sìgá. Nígbà tí mo ka ìmọ̀ràn yẹn, ojú tì mí. Ọ̀rọ̀ àbókí iwájú ilé wa gan-an ni. Apoògùn ará Ṣáínà tó gbé irú vape òde òní jáde ní ọdún 2003, Hon Lik, amusìgá tó ń wá ọ̀nà àtijáwọ́ lòun náà.

Mi ò ní vape kò léwu o. Nikotíìnì ń bẹ nínú rẹ̀, òun ló ń di bárakú, oru náà kì í sì í ṣe omi lásán. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí wọ́n máa fà á nínú ilé. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019, àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó bá vape rìn pa ọ̀pọ̀ èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igbó inú vape tí wọ́n fi òróró fítámì E lú ni wọ́n tọpa púpọ̀ rẹ̀ dé. Bí mo bá sì rí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó mú un dání, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ti sìgá gan-an, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn: ṣọ́ọ̀bù tó kún fún bébà, tí a fi bẹntiróòlù ń fọ ẹ̀rọ, kí ni sìgá wá dé ibẹ̀? Òfin tí Èkó ṣe ní ọdún 2014 láti de sìgá níta gbangba, mo fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Jẹnẹrétọ̀ wa wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èéfín rẹ̀ ń wọlé láti àárọ̀ títí di alẹ́. Gáàsì tó ń jáde nínú rẹ̀, kábọ̀n mónósáìdì, wà nínú èéfín sìgá pẹ̀lú, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú ní orílẹ̀-èdè yìí. Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ìkìlọ̀ nípa ìyẹn. Òórùn máńgòrò ló bí wọn nínú.

Mo padà lọ kí wọn lóṣù tó kọjá. Ìkìlọ̀ mi ṣì wà lára ògiri, rọ́bà rẹ̀ kò tíì ṣí. Bọ̀dá ń fi àkísà nu Kord. "Prof," ó ní, "gbogbo Yorùbá tí wọ́n kọ́ ẹ yẹn, o ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn lò?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in.

Mo ti kọ òmíràn. Ó ní: SÌGÁ KÒ GBỌDỌ̀ DÉ INÚ ṢỌ́Ọ̀BÙ YÌÍ RÁRÁ. ẸNI TÓ BÁ Ń FA VAPE, ẸBA FÈRÈSÉ Ẹ̀YÌN NI, KÌ Í ṢE IWÁJÚ OníBÀÁRÀ, KÌ Í ṢE NÍGBÀ TÍ ỌMỌDÉ BÁ WÀ, KÌ Í ṢE NÍGBÀ TÍ A BÁ Ń FỌ Ẹ̀RỌ. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fún Dádì lọ́wọ́. Ó gbé dígí rẹ̀ sójú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó ti gùn jù fún ìkìlọ̀. Ó ká a, ó fi sínú dúrọ́ọ̀, ó ní òun á rò ó.